Àrokò Ara Irin: Bí A Ṣe Ń Ka Nọ́ńbà Ìdánimọ̀ Àwọn Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Àtijọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 1964, awakọ̀ òfurufú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stanley Tucker wọ ilé ìtajà ọkọ̀ kan ní ìlú St. John's, ní erékùṣù Newfoundland ní Kánádà. Ó rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun kan tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ó sì rà á. Mustang ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Ford ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé jáde. Ford kò fẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀ yìí rárá. Ńṣe ni wọ́n fi í ránṣẹ́ kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó. Ẹni tí ó tà á kò fiyè sí i, ẹni tí ó rà á kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó sọ ọkọ̀ náà di àràmàǹdà wà ní títẹ̀ sára irin rẹ̀: 5F08F100001. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí Ford tó rí i gbà padà lọ́wọ́ Tucker, Mustang tuntun mìíràn ni wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ kí ó tó gbà fún wọn. Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé The Henry Ford ní Dearborn ni ó wà di òní.

Àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní àrokò. Ẹni tí kò bá mọ àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, owó ẹyọ àti ìyẹ́ lásán ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà yìí rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a tú u. 5 tí ó ṣíwájú dúró fún ọdún 1965. F tí ó tẹ̀lé e ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti to ọkọ̀ náà, Dearborn ní ìpínlẹ̀ Michigan. Bí ó bá jẹ́ San Jose ní California ni, R ni à bá rí níbẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ Metuchen ní New Jersey, T ni. 08 ń sọ irú ara tí ọkọ̀ náà ní, èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká; 07 ni ti olórùlé líle, 09 ni ti èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà sílẹ̀ gẹẹrẹ. F kejì kì í ṣe ti ìlú mọ́, ti ẹ́ńjìnnì ni: ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 260 íǹṣì kúbíkì, ìyẹn bíi lítà 4,3. Èyí tí ó kù, 100001, ni ipò rẹ̀ nínú ìkà, nítorí pé orí 100001 ni Ford ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ara balẹ̀ yóò bi wá léèrè pé: ọkọ̀ tí a rà ní oṣù kẹrin ọdún 1964, báwo ni ó ṣe wá jẹ́ ti 1965? Àríyànjiyàn yìí kò tíì tán láàárín àwọn olólùfẹ́ Mustang. Wọ́n máa ń pe àwọn tí a ṣe ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1964 ní «1964 àti ààbọ̀», ṣùgbọ́n Ford kò mọ ààbọ̀ kankan. 5 ni wọ́n tẹ̀ sí gbogbo wọn lára. Síbẹ̀, àmì karùn-ún ń tú àṣírí tí àmì kìn-ín-ní fi pa mọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọn kò fi ẹ́ńjìnnì 260 sínú Mustang ti 1965 mọ́, nítorí náà ọkọ̀ tí ó bá ní F ní ipò karùn-ún kò lè jẹ́ ti ìgbẹ̀yìn ọdún. Lójú tiwa, ibi tí ìtumọ̀ kan ti ń ṣe àtúnṣe òmíràn báyìí ni adùn iṣẹ́ náà wà.

Èdè Ford ni èyí o. Chevrolet ní tirẹ̀, kò sì jọ ọ́. Ẹ wo ọkọ̀ 1957 tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VC57N. V ń sọ pé sílíńdà mẹ́jọ ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, wọn kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀ rárá, C ni yóò ṣíwájú. C ni Bel Air, B ni irú tí wọ́n ń pè ní 210, A ni 150. 57 ni ọdún, N sì ni Norwood ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nọ́ńbà náà kò sọ bóyá òrùlé ọkọ̀ ṣeé ká tàbí kò ṣeé ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí ó wo pátákó irin kékeré tí àwọn Fisher tí wọ́n kan ara ọkọ̀ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Níbẹ̀ ni irú ara, ọ̀dà àti aṣọ ìjókòó wà.

Ohun tí nọ́ńbà kò sọ yìí ni ó ń kó àwọn olówó sí wàhálà. Pontiac GTO jẹ́ ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n ní 1964 àti 1965, àfikún lásán ni GTO jẹ́ lórí ọkọ̀ LeMans: ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ san owó sí i, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì ńlá àti àwọn nǹkan mìíràn sí i. Nọ́ńbà LeMans ni ó ń jẹ́. Ọdún 1966 ni GTO tó dá dúró, tí nọ́ńbà rẹ̀ wá ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 242. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní LeMans ti 1965 lè so àmì GTO mọ́ ọn kí ó sì tà á ní owó gegere. Nọ́ńbà kò ní jẹ́rìí lòdì sí i, ìwé ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó lè dá a dúró. Ní ti Plymouth, nọ́ńbà kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. BS27R1B túmọ̀ sí Barracuda, irú 'Cuda, olórùlé kíká, ẹ́ńjìnnì Hemi ti 426, ọdún 1971, ilé-iṣẹ́ Hamtramck. Irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe kò tó ogún. Ní ọdún 2014, wọ́n ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní ìlú Seattle ní mílíọ̀nù 3,5 dọ́là. R kan ṣoṣo ní ipò karùn-ún ni ó gbé owó yẹn ró. Kò yà wá lẹ́nu nígbà náà pé àwọn oníjìbìtì máa ń fi òòlù bá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Olè ni ó sì sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀ ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára Ford Model T, èyí tí wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ kí ó tó dópin ní 1927, ara ẹ́ńjìnnì nìkan ni nọ́ńbà máa ń wà. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ti pààrọ̀ orúkọ ọkọ̀. Olè á jí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, á wà á kọjá ààlà, ọlọ́pàá ibi tí ó ti jí i kò sì ní agbára ní ibi tí ó sá lọ. Ní 1919, Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó sọ gbígbé ọkọ̀ jíjí kọjá ààlà ìpínlẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún márùn-ún. Leonidas Dyer, aṣòfin láti St. Louis, ni ó gbé e kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe òfin náà.

A kò lè dárúkọ Dyer kí a má dúró díẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni ó ti gbé àbá òfin mìíràn kalẹ̀ ní 1918, èyí tí yóò sọ pípa tí àwọn jàǹdùkú ń pa àwọn ènìyàn dúdú láìsí ìdájọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ilé Aṣojú fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922. Àwọn aṣòfin àgbà láti ìhà gúúsù fi ọ̀rọ̀ gígùn dí i lọ́nà títí ó fi kú. Òfin tí ó dáàbò bo ọkọ̀ kọjá láàárín ọdún kan ṣoṣo. Èyí tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn dúdú, oṣù kẹta ọdún 2022 ni irú rẹ̀ tó di òfin, pẹ̀lú orúkọ Emmett Till lórí rẹ̀.

Láti 1969 ni òfin ti pa á láṣẹ pé kí nọ́ńbà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà níbi tí a ti lè kà á láti ìta, láti inú gíláàsì iwájú. Síbẹ̀ èdè ṣì pọ̀: Ford ń fi àmì 11 sọ̀rọ̀, Plymouth ń fi 13. Àwọn ọkọ̀ ọdún 1981 ni ó kọ́kọ́ jẹ́ èdè kan: àmì 17, láìsí I, O tàbí Q, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Àmì kẹwàá ni ọdún, B fún 1981, C fún 1982. Àmì kẹsàn-án ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú gègé yín. Ipò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀: 8, 7, 6, 5, 4, 3, 2, 10, 0, 9, 8, 7, 6, 5, 4, 3, 2. Lẹ́tà náà ní iye tirẹ̀. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó fi 11 pín in, ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ó gbọ́dọ̀ wà ní ipò kẹsàn-án. Bí ó bá ṣẹ́ku 10, X ni a ó kọ. Ká ní 1 ni gbogbo àmì 17 náà: àròpọ̀ jẹ́ 89, 11 lọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó ku 1. Ó bá a mu. Bí oníjìbìtì bá wá sọ 1 àkọ́kọ́ di 2, àròpọ̀ á di 97, á ṣẹ́ku 9, irọ́ rẹ̀ á sì hàn.

Èyí kan àwa náà, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ àlòkù ni ó ń gba èbúté Kútọnu kọjá, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń lọ sí Nàìjíríà, àwọn ọmọ wa sì wà lára àwọn tí ń rà tí wọ́n ń tà. Ohun tí wọ́n ń pè ní nímérò ṣasí kò yàtọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra: bí 1, 4 tàbí 5 bá ṣíwájú, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ìṣirò òkè yìí á sì ṣiṣẹ́. Bí VF bá ṣíwájú, Faransé ni, ìyẹn VF1 fún Renault, VF3 fún Peugeot, kò sì sí òfin ní Yúróòpù tí ó fi dandan lé e pé kí àmì kẹsàn-án jẹ́ ẹlẹ́rìí tàbí kí ìkẹwàá jẹ́ ọdún. Ẹni tí ó bá fi èdè Amẹ́ríkà ka ọkọ̀ Faransé yóò fi ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀ rà á.

Ní òdìkejì òkun, ní Havana àti Matanzas níbi tí àwọn ará wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí fìdí kalẹ̀ sí, àwọn Chevrolet 1957 ṣì ń kó èrò. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti dá òwò dúró pẹ̀lú Kúbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ ti ń fi ohun tí ọwọ́ wọn bá bà tún ọkọ̀ ṣe, ẹ́ńjìnnì Volga ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà wà lára rẹ̀. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, V tí ó wà níwájú nọ́ńbà ṣì ń sọ pé sílíńdà mẹ́jọ ni. Mẹ́rin ni ẹni tí ó bá ṣí ìdérí rẹ̀ yóò kà.