Asán, Lásán àti Ṣekárími

Ní Àkúrẹ́, èmi àti ìyàwó mi yà sí ìsọ̀ káfíńtà kan láti wo tábìlì onídígí tí obìnrin fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó dá wa lóhùn pe tábìlì náà ní "vanity". Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é nìyẹn lóòótọ́. Ìyàwó mi, ẹni tí ó ka Ìwé Oníwàásù jù mí lọ, wò mí lójú, ó ní: "Bàbá Tópẹ́, ṣé tábìlì asán ni a wá fẹ́ fi owó gidi rà?" A rẹ́rìn-ín, a sì ra tábìlì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé wa rú rí.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ni asán. Ẹni tí kò rí ọbẹ̀ fi jẹ iyán, iyán lásán ni ó jẹ. Ẹni tí kò wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ni ó fi ń rìn. Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, ọjọ́ lásán ni. Bí àìsàn kan bá kọjá òye wa, a ó ní kì í ṣe ojú lásán. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìlò wọ̀nyí tí ó bú ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Iyán lásán kì í ṣe iyán burúkú. Ẹnìkejì rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ni aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Odindi Bíbélì náà pé ní 1884. Nínú òfin kẹta, ibi tí a ti kìlọ̀ nípa orúkọ Ọlọ́run, lásán ni wọ́n lò, ó sì bá ìlò ilé mu rẹ́gí: pípe orúkọ láìsí ọ̀ràn nídìí rẹ̀. Ìwé Oníwàásù ni iṣẹ́ ti le. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ ni hevel, èyí tí ó túmọ̀ sí èémí tàbí ìkuukùu. Ìgbà 38 ni ó jẹ yọ nínú ìwé kékeré yẹn. Òun náà ni orúkọ Ébẹ́lì, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Ohun tí kì í pẹ́ ni Hébérù ń sọ. Nígbà tí Jerome yí i sí Látìn ní ọ̀rúndún kẹrin, ó lo vanitas, òfìfo. Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ yìí láti inú Faransé, ó sì tún ní ìtumọ̀ mìíràn: ìwà ẹni tí ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí ni ó gbé e dé ìsọ̀ káfíńtà.

N kò dá Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi pé wọ́n mú asán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà ní ilé ìdáná ti di ìdájọ́ lórí pẹpẹ. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pe òrìṣà ní "vanities", ohun asán ni Bíbélì wa pè é. Charles Phillips dé Oǹdó ní 1877, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ìwàásù irú èyí ni àwọn ará ìlú gbọ́ nípa ohun tí bàbá wọn ń bọ. E. M. Lijadu, tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní 1898. Kristẹni pátápátá ni Lijadu, síbẹ̀ ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá gbà pé asán ti parí ọ̀rọ̀ kò ní ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2009, bàbá mi kú ní Oǹdó. Àwọn àbúrò mi fẹ́ aṣọ ẹbí, ẹgbẹ́ olórin àti màlúù méjì. Àlùfáà kan wá bá wa gbàdúrà, ó ka Oníwàásù, ó sì ní asán ni gbogbo rẹ̀. Mo gbè é lẹ́yìn. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí ó ti ń gbọ́ wa láti orí ẹní, gbé orí sókè, ó ní: "Dókítà, ṣé lásán ni ẹ fẹ́ gbé bàbá yín wọlẹ̀ ni?"

Ẹnu mi wọhò. Àlùfáà ní ìnáwó náà ni asán. Ìyá ní òkú tí a kò náwó sí ni ó lọ lásán. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbá mú ní orí àti ní ìdí, èmi tí mo gboyè ọ̀mọ̀wé nínú èdè yìí kò sì rí i ní ọjọ́ náà. Mo rò pé ìyá kò gbọ́ Bíbélì yé ni.

A náwó náà. Ọdún méjì ni a fi san gbèsè. Àbúrò mi kan kò rí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san fún odidi sáà kan, n kò sì lè sọ fún un pé àlùfáà purọ́. Àmọ́ mo ti wá gbà pé ọ̀rọ̀ tí àlùfáà ń wá kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ìbátan wa kan wà níbi òkú náà tí ó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó ń ná owó mọ́ olórin lórí títí ayàwòrán fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣekárími ni a ń pe ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì lè fi vanity kan ṣoṣo mú ìbátan wa àti òfìfo ayé pọ̀. Yorùbá kò sọ ọ́ pọ̀. A ní oge, a ní afínjú, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Fáàrí ń bọ̀ wá fara pẹ́ ẹ̀bi. Ìgbéraga àti ṣekárími ni ẹ̀bi gan-an. Bí àlùfáà bá ti sọ pé kí a má ṣe ṣekárími, ìyá ni ì bá kọ́kọ́ ṣe àmín.

Ìyá yìí náà kú ní 2016. Ó ti sọ bí òun ṣe fẹ́ ẹ: kí a pa màlúù kan, kí a pe onílù àdúgbò, kí ẹnikẹ́ni má sì dá aṣọ tuntun. Aṣọ ẹbí bàbá wa ni a tú jáde nínú àpótí, ó ń rùn káńfọ̀. Tèmi kò gba ikùn mi mọ́. Ìyàwó mi ni ó tú etí rẹ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.