Láti Ọ́fíìsì Ìjọba dé Ìsọ̀ Ọjà: Bí Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso Òwò Ṣe Dé Ilé-Ifẹ̀

Iléṣà kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Láti ibẹ̀ àti láti àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà yòókù ni àwọn òṣómàáló ti ń gbéra láyé ìjọ́un, tí wọ́n ń gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì ń tà á láwìn. Oníbàárà a gba aṣọ lónìí, a dá ọjọ́ tí yóò san owó rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí olówó dé, tí onígbèsè wá ń ro ẹjọ́, olówó kò ní gbà. Ńṣe ni yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ibi ìlóṣòó yìí ni orúkọ wọn ti wá. Àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ ẹni tí èèyàn lè fún láwìn àti ẹni tí kò ṣe é fún. Wọ́n mọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ bù lé ọjà àwìn kó tó lérè, wọ́n sì mọ oṣù tí owó kòkó máa ń wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni alájọ Ṣómólú tí Yorùbá fi ń júwe ẹni tí orí rẹ̀ pé: ó ń gba owó lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn láìkọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, bí oṣù bá sì parí, owó oníkálukú a pé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó lo ọdún mẹ́ta mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó gba ìyọ̀ǹda, òun náà ti kọ́ bí a ṣe ń nájà, bí a ṣe ń tọ́jú oníbàárà, àti bí a ṣe ń fi owó kékeré yí òwò po.

Èèyàn ì bá rò pé nígbà tí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò máa wọ yunifásítì nílùú tó sún mọ́ àwọn òṣómàáló báyìí, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ́fíìsì ìjọba ló gbà wọlé, àmì ibi tó gbà wọlé sì wà lára rẹ̀ dòní.

Amẹ́ríkà ni MBA, dígírì kejì nínú ìṣàkóso òwò, ti wá. Ní 1881, Joseph Wharton, ẹni tó là nídìí iṣẹ́ irin àti níkẹ́ẹ̀lì, fún Yunifásítì Pennsylvania ní ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000, kí wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ òwò sílẹ̀. Ní 1900, Dartmouth dá ilé ẹ̀kọ́ Tuck sílẹ̀ fún dígírì kejì nínú òwò. Harvard bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1908, òun ló sì sọ dígírì kejì yìí ní MBA.

Harvard náà ló yá ọ̀nà ìkọ́ni kan lò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin. Wọ́n á kọ ìtàn ilé iṣẹ́ kan tó kó sí wàhálà, wọ́n á pín in fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ á wá yíjú sí ẹnì kan: ìwọ ni ọ̀gá ibẹ̀, kí lo máa ṣe? Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ẹjọ́ kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní Harvard, gbogbo ọmọ kíláàsì ni àgbà. Nígbà tó di 1943, Yunifásítì Chicago ṣí ètò MBA fún àwọn ọ̀gá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, irú èyí tí a ń pè ní Executive MBA lónìí.

Yúróòpù kò tètè gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ọdún 1957 ni INSEAD tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ní Bìrìtìkó, tó kó wa lẹ́rú tó sì ń kọ́ wa níwèé, ó di 1965 kí ilé ẹ̀kọ́ òwò London àti ti Manchester tó ṣí ilẹ̀kùn. Kí a tó máa rò pé ẹ̀yìn ni tiwa wà, ká rántí pé ilé ẹ̀kọ́ ti Ifẹ̀ ti pé ọdún méjì nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ti Ifẹ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ní 1959, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Eric Ashby láti wo irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà máa nílò lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní 1960, wọn kò dábàá yunifásítì tuntun kankan fún ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, torí pé Ìbàdàn ti ní. Inú àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn kò dùn sí i. Sanya Onabamiro, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lójú àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn, ti ìjọba àpapọ̀ ni yunifásítì Ìbàdàn; ẹkùn tó ń fi owó kòkó rán ọmọ nílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ní yunifásítì tirẹ̀. Òfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ jáde ní 1961. Ní oṣù kẹwàá 1962, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ààyè tí wọ́n yá lò, títí tí wọ́n fi kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1967.

Ní 1963, yunifásítì náà dá Institute of Administration sílẹ̀. Ohun tó fà á kò le láti lóye: àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn lọ sílé, àga wọn sì ṣófo. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ akọ̀wé lánàá ni wọ́n ní kó wá máa darí ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba lónìí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣètò owó ọdún, bí a ṣe ń gbani síṣẹ́, bí a ṣe ń kọ fáìlì tí ẹlòmíràn máa kà tó máa yé e.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà jù ni Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Inú iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lòun náà ti wá. Ó ti lọ sí Harvard, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ìlú ló lọ kà níbẹ̀, kì í ṣe ti òwò. Ó dé Institute náà ní 1963, ó di olùdarí rẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́ni ọdún 36. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ jọ́nà tiwọn, Quarterly Journal of Administration. Ní 1971, Gowon, olórí ìjọba ológun, mú Adédèjì lọ ṣe kọmíṣọ́nnà fún ètò ọrọ̀ ajé, níbi tó ti wà nídìí ètò àgùnbánirọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Láti 1975 títí di 1991, òun ni ọ̀gá àgbà àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọrọ̀ ajé Áfíríkà.

Nínú ọgbà tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ọmọ Ísírẹ́lì, yà fún Ifẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ yìí dàgbà di Faculty of Administration. Àwọn orúkọ tó gbé e ga nìyí: Ọlájídé Àlùkò, tó sọ ẹ̀kọ́ nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè di ohun tí wọ́n mọ Ifẹ̀ mọ́, àti Ládípọ̀ Adámólẹ́kùn, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣàkóso ìlú tó jẹ́ díìnì. Ọ̀mọ̀wé gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba ló wà lórí tábìlì wọn. Ẹ̀ka Management and Accounting, tí MBA wà lọ́wọ́ rẹ̀, sún mọ́ ẹ̀ka ìṣàkóso ìlú, ẹ̀ka àjọṣe orílẹ̀-èdè àti ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì lágbàáyé, ìdí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni ẹ̀kọ́ òwò ti hù. Ní Ifẹ̀, ìdí fáìlì ni.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Ní 1972, ìjọba ológun ṣe òfin pé àwọn òwò kan di ti ọmọ Nàìjíríà nìkan. Ní 1977 wọ́n fẹ òfin náà lójú sí i. Ilé iṣẹ́ tí òyìnbó ń darí di ohun tí ọmọ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ darí, bí ó ti rí pẹ̀lú iṣẹ́ ìjọba lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú. Ní 1974, ìgbìmọ̀ Udoji, tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá máa ṣe bí aládàáni, kí wọ́n máa fi èsì iṣẹ́ wọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní 1976, wọ́n kó àwọn òwò tí àwọn ìpínlẹ̀ tuntun náà jọ ni sábẹ́ Odu'a Investment nínú Cocoa House n'Ìbàdàn. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti di oníṣòwò, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a ka èrè. Ọdún kan ṣáájú, ní 1975, ìjọba àpapọ̀ ti gba Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1987, lẹ́yìn ikú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀.

Àsìkò SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun Bábángídá gbé kalẹ̀, ni MBA wá di ohun tí gbogbo ilé ń dárúkọ. Bábángídá ṣí ilẹ̀kùn báńkì sílẹ̀, nígbà tó sì fi di 1992, báńkì ti di 120. Ọmọ tó kàwé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ báńkì, ẹni tó kàwé ewéko ń ṣiṣẹ́ báńkì. Àfikún tí wọ́n máa ń wá sórí ìwé wọn ni lẹ́tà mẹ́ta yìí. Àpẹẹrẹ àwọn ẹni ńlá wà níwájú wọn. Mike Adénúgà, gbajúmọ̀ oníṣòwò, gba MBA ní Yunifásítì Pace, New York. Táyọ̀ Adérìnókun, tó wà lára àwọn tó dá GTBank sílẹ̀, gbà á ní UCLA. Àwọn tí kò rìn jìnnà gbà á nílé: Gbóyèga Oyètọ́lá, tó wá di gómìnà Ọ̀ṣun, ní Yunifásítì Èkó ní 1990, àti Babájídé Sanwó-Olú, tó di gómìnà Èkó, tó kọ́kọ́ kàwé wíwọn ilẹ̀, ní yunifásítì kan náà. Ní 1991, Lagos Business School, ti aládàáni, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí owó wà lọ́wọ́ wọn.

Ifẹ̀ ní ètò Executive tirẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ MBA tí èèyàn ń jókòó kà. Ẹni tó mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ọjọ́ Ẹtì, ó kúrò níbi iṣẹ́, ó wọkọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Ìkirè, nígbà tí ọkọ̀ bá dẹ̀rìn, àwọn ọmọ tó ń ta dòdò á sáré wá; á rà á, á máa jẹ ẹ́ lórí ìwé ìṣirò owó tó tẹ́ sí itan, òróró á sì rin ojú ìwé tí wọ́n kọ gbèsè sí. Kó tó kọjá Gbọ̀ngán, ó ti sùn. Àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó wà ní kíláàsì, ó ń bá ẹni tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ jiyàn lórí iye owó tó yẹ kí ilé iṣẹ́ yá. Ìgbéga ló ń wá, kì í ṣe òwò. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní gbèrò láti ta ohunkóhun láyé wọn. Kò burú, ìlú tó ní òṣìṣẹ́ nílò ọ̀gá òṣìṣẹ́. Ó sì bá ìtàn ilé ẹ̀kọ́ náà mu.

Nígbà tí Soludo, gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 25 náírà, báńkì 89 di 25 ní ìparí 2005. Ọ̀pọ̀ àga lọ lọ́jọ́ kan. Èèyàn lè rò pé MBA máa relé, ṣùgbọ́n òdì kejì ló ṣẹlẹ̀: bí àga ṣe dín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ jókòó ń fi ìwé kún ìwé. Ohun tó ń dá wọn dúró gan-an ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba tó wà nínú ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wà ní títì. Ẹni tó gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ láti wá kàwé fi oṣù mẹ́jọ jókòó sílé.

Ìdí pròjẹ́ẹ̀tì ni ìwé àti ọjà ti máa ń fojú kan ara wọn. Kó tó jáde, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa mú oníṣòwò kékeré: bí wọ́n ṣe ń rí owó yá, bí àjọ àti ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ ìwé ìbéèrè, á gbé e lọ sọ́jà. Apá ọ̀tún ìwé náà ni ibi tí wọ́n máa fàmì sí: mo gbà gidi, mo gbà, mi ò lè sọ, mi ò gbà, mi ò gbà rárá.

“Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Ajé á wọ igbá.”

“Àṣẹ. Kí ni kí n wọ̀n fún ẹ?”

Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣàlàyé pé ìwé lòun ń kà, òun fẹ́ mọ iye tí ọjà ń wọlé lọ́sẹ̀. Ojú ìyá á yí. Ó mọ irú ìbéèrè yìí. Ní 1968 sí 1969, owó orí ló mú kí àgbẹ̀ gbé ìjà dìde nínú ogun Àgbẹ́kọ̀yà, òní náà sì ni àwọn agbowó ìjọba ìbílẹ̀ ń yí ìsọ̀ ká pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kí ọkàn ìyá lè balẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á yọ lẹ́tà tí ẹ̀ka rẹ̀ fún un jáde, lẹ́tà tí orúkọ yunifásítì wà lórí rẹ̀, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí nísàlẹ̀. Ìyá á wo òǹtẹ̀ náà dáadáa.

“Ẹ ò wá sọ pé ìjọba ló rán yín.”

Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìlà tó fi ẹfun fà wà níbẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin: àwìn tó wà níta, tó sì mọ onígbèsè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Á sún àga rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á bo ìlà náà, á sì ní kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà ò tà.