Ẹṣin Ọ̀dàn Kò Mọ Igbó: Ọ̀rọ̀ lórí Òtítọ́ Inú Eré Ìje Ọkọ̀



Ìlọrin ti mọ eré ìje kí ẹ̀rọ tó dé. Ní àkókò ọdún Iléyá, bí àwọn agẹṣin bá ń fi ẹṣin dárà níwájú Ẹ́míà, ohun tí ó jọ ogun ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n eré ni, tọmọdé tàgbà ni ó sì mọ̀ pé eré ni. Eré mìíràn ni a gbé ka iwájú yín lónìí: eré ìje ọkọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kò yàtọ̀ sí òtítọ́. Kí ni a ó fi wọn òtítọ́ náà?

Ní 1974 ni ilé-iṣẹ́ Atari ti Amẹ́ríkà gbé Gran Trak 10 jáde. Ó ní ohun tí a fi ń yí ọkọ̀, ó ní jíà, ó sì ní bíréèkì tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ tóótòòtó ni ó dúró fún ojú ọ̀nà. Ní 1982, Namco ti Jàpáánì mú pápá ìje Fuji wọ inú Pole Position; síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá gbiná, òmíràn a dé lójú ẹsẹ̀. Ní 1997, Gran Turismo tí Kazunori Yamauchi darí gbìyànjú láti fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Láti 2008 ni iRacing sì ti ń lo ìmọ́lẹ̀ lésà láti wọn pápá, títí dé orí gegele rẹ̀.

Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣèdájọ́, èyí kò sì tó. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bíréèkì dán eré náà wò. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ tí ó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan nílò kí bíréèkì tó dá a dúró jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tí ó ń sá 40, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Eré tí kò bá pa òfin yìí mọ́, irọ́ ni ó ń pa, bí ó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dán tó.

A kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé eré kò kọ́ni ní nǹkan kan. Jann Mardenborough borí nínú ìdíje GT Academy ní 2011. Láti orí Gran Turismo ni ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ ìje gidi, ó sì dé ipò kẹta nínú ìsọ̀rí tirẹ̀ ní Le Mans ní 2013. Ṣùgbọ́n ní 2015, ní Nürburgring ní Jámánì, ọkọ̀ tí ó ń wà fò sókè, ó ré kọjá odi, olùwòran kan sì kú. Kò sí bọ́tìnì tí a lè tẹ̀ kí ẹni náà jí.

Ìtàn tiwa náà kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àwọn agẹṣin Ìlọrin lágbára lórí ọ̀dàn, níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo. Bí a ti ń wọ igbó lọ sí gúúsù, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní ẹṣin ń dín kù. Ìmọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Ilẹ̀ ni ó yí padà.

Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ti gbégbá orókè nínú eré, tí ó wá ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀, kí a má fi í ṣẹ̀sín, kí a má sì tètè fún un. Eré lè kọ́ ọwọ́ àti ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní títì Ìlọrin, ọlọ́kadà lè já síwájú rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ lè sọdá, ọmọ iléèwé pẹ̀lú. Ẹ̀rù ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ẹ̀kọ́ tí ó kù, ẹ̀gbẹ́ àgbà awakọ̀ ni a sì ti ń kọ́ ọ.

Ó dìgbà kan ná o.