Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Jẹ Mọ́ Ìdènà

Bí ènìyàn ti ń dàgbà tí ìwà rẹ̀ sì ń yí padà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tí ó sì ń ka ìwé àtijọ́, lè ka ìrànlọ́wọ́ sí ìdíwọ́, kí ó sì ka ìdíwọ́ sí ìyọ̀ǹda. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ni a ó fi wádìí èyí: prevent, let, hinder àti exclude.

Èkínní ni prevent. Láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá. 'Ṣáájú' àti 'wá' ni a so pọ̀ tí ó fi di ọ̀rọ̀ kan. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá prevent ẹnìkejì rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ ni. Nínú Ìwé Àdúrà ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1549, a fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ Ọlọ́run pé kí ojú rere rẹ̀ máa ṣáájú wa nínú iṣẹ́ wa gbogbo. Ẹni tí ó bá fi etí òde òní gbọ́ àdúrà náà yóò rò pé a ń bẹ Olúwa kí ó dá wa lẹ́kun! Bẹ́ẹ̀ náà ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lò ó ní I Tẹsalóníkà 4:15, nípa àwọn alààyè àti àwọn tí ó ti sùn. Bíbélì Yorùbá kò mú ìdàrúdàpọ̀ wá níbẹ̀, nítorí 'ṣáájú' ni ó wí.

Báwo ni ṣáájú ṣe di dènà? Ẹ jẹ́ kí a wo ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ṣáájú lè la ọ̀nà fún èrò ẹ̀yìn. Ó sì lè dúró sí àárín rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Àwa náà mọ èyí, nítorí 'dè' àti 'ọ̀nà' ni ó di dènà, kò sì sí ẹni tí ó lè dè wá ní ọ̀nà bí kò bá kọ́ ṣáájú wa débẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbàgbé ìṣáájú, tí wọ́n sì di ìdínà mú.

Èkejì ni let, tí a mọ̀ lónìí sí 'jẹ́ kí'. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀, ìró wọn kò sì dọ́gba: ọ̀kan ń yọ̀ǹda, èkejì ń dá ènìyàn dúró. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìró méjèèjì di ọ̀kan. Ní Róòmù 1:13 ti ọdún 1611, let ni a fi sọ ohun tí ó dá Pọ́ọ̀lù dúró nígbà tí ó ń fẹ́ lọ sí Róòmù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà kò lè máa ṣí ilẹ̀kùn kí ó sì máa tì í. Èyí tí ń dá ènìyàn dúró ni ó yẹ̀ fún èkejì, tí a kò fi ń bá a pàdé mọ́ bí kò ṣe ní ibi díẹ̀, bí inú ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní páásípọ́ọ̀tù.

Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Hinder jẹ́ ìbátan ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí 'ẹ̀yìn': a fa ènìyàn sẹ́yìn. Exclude ti inú Látìnì wá: a ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn síta. Include, èyí tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, ti ilẹ̀kùn kan náà mọ́ ènìyàn sínú.

Ní ọdún 1881, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tún Májẹ̀mú Tuntun ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe, wọ́n mú prevent àti let kúrò nínú ẹsẹ méjèèjì tí mo dárúkọ, wọ́n sì fi precede àti hinder rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n Bíbélì ti ọdún 1611 ṣì wà nínú ilé púpọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé àtijọ́ bá dà bí ẹni pé ó ń dí yín lọ́nà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí a kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ṣáájú láti la ọ̀nà fún yín ni ẹ ń pè ní adènà.