Ìwà Ohun Èlò: Ìwé Mẹ́ta àti Ìbéèrè Kan

Ìran Yorùbá kì í fi ẹwà ojú nìkan díwọ̀n ohun tó dára. Ìwà lẹwà ni àwọn àgbà wí. Ẹni tó bá dára tí kò níwà, ọmọlangidi ni wọ́n kà á sí. Èrò yìí kò kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo ń ka ìwé àwọn Òyìnbó nípa àwọn oníṣọ̀nà ohun èlò, ìyẹn àwọn tó ń pinnu bí ohun kan yóò ṣe rí kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó rọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí kún fún àwòrán mèremère: àga kan ṣoṣo tàbí rédíò kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ funfun báláú, láìsí ẹni tó jókòó, láìsí ọwọ́ tó ń yí bọ́tìnnì. Mẹ́ta péré ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Àwọn oníṣọ̀nà fúnra wọn ló kọ wọ́n, bí a bá sì tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, a ó rí i pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: ta ni oníṣọ̀nà ohun èlò ń ṣiṣẹ́ fún?

Raymond Loewy ni ẹni àkọ́kọ́. Paris ni a ti bí i ní ọdún 1893. Ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1919. Ní ọdún 1929, Sigmund Gestetner pè é pé kí ó bá òun tún ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ wọn ní London ń rọ fún títẹ ìwé ní ẹ̀dà púpọ̀ ṣe. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì nílẹ̀ yìí fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò nígbà kan, tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà fi di orúkọ ẹ̀rọ lẹ́nu wa. Kí Loewy tó fọwọ́ kàn án, gbogbo ìfun rẹ̀ ló wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nà síta débi pé ó lè gbé ènìyàn ṣubú. Loewy fi amọ̀ mọ ìrísí tuntun fún un, ó sì pèsè èèpo dídán tí yóò bo inú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ọjà wà, olùrà kò sí. Ẹni tó bá lè fi ìrísí tuntun fa ojú olùrà mọ́ra wá di ẹni tí àwọn ọlọ́jà ń wá kiri. Loewy ṣiṣẹ́ lórí fíríìjì, ọkọ̀ ojú irin, mọ́tò àti páálí sìgá, ó sì ròyìn ayé rẹ̀ nínú ìwé Never Leave Well Enough Alone ní ọdún 1951. Ó kọ́ wa níbẹ̀ pé olùrà fẹ́ ohun tuntun, ṣùgbọ́n ohun tó bá tuntun jù ń bà á lẹ́rù; ibi tí ìgboyà olùrà bá dé ni kí oníṣọ̀nà dúró sí. Nígbà tí wọ́n tú ìwé náà sí èdè Jámánì, wọ́n fún un ní àkọlé tó túmọ̀ sí pé ọjà tó burẹ́wà kì í tà dáadáa. Ìdáhùn Loewy sí ìbéèrè wa nìyẹn: ọlọ́jà ni òun ń ṣiṣẹ́ fún. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Mọ́tò Studebaker ti ọdún 1953 tí wọ́n fi ń yìn ín, Robert Bourke ló ṣáájú iṣẹ́ ọnà rẹ̀.

Ìdáhùn Henry Dreyfuss yàtọ̀. Iṣẹ́ ọnà orí ìtàgé tíátà ni òun fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Bell fi dọ́là 1,000 lọ àwọn oníṣọ̀nà pé kí wọ́n ya bí tẹlifóònù ọjọ́ iwájú yóò ṣe rí, Dreyfuss kọ̀. Ó ní òun kò lè ya ẹ̀yìn rẹ̀ láìjókòó ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ inú rẹ̀. Àwọn Bell padà wá bá a lórí ohun tó wí, láti inú àjọṣe náà sì ni tẹlifóònù ọdún 1937 àti ti ọdún 1949 ti jáde. Nígbà tí wọ́n kó nọ́ńbà kúrò lábẹ́ ihò tí a ń ki ìka bọ̀, tí wọ́n tò ó sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé ìka àwọn ènìyàn ń lọ́ra. John Karlin, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Bell, ní kí wọ́n fi àmì funfun kékeré sábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, kí ìka lè rí ibi tó ń lọ. Ìwé Designing for People ti ọdún 1955 dúró lórí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Dreyfuss ya ọkùnrin kan, Joe, àti obìnrin kan, Josephine, ó sì fi gígùn apá àti ìtẹ̀sí orúnkún wọn ṣe òṣùwọ̀n ohun gbogbo. Ohun èlò ti wá ní ìwà nìyẹn: kò gbọdọ̀ ni ẹni tó ń lò ó lára. Síbẹ̀, ta ni Joe? Lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú òṣùwọ̀n náà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwọn, ọwọ́ rẹ̀ lè má tó ohun tí wọ́n gbé sókè.

Victor Papanek, tí a bí ní Vienna ní ọdún 1923, ló gbé ìbéèrè náà kúrò lórí ara ẹnì kan bọ́ sórí àwùjọ. Design for the Real World kọ́kọ́ jáde lédè Sweden ní ọdún 1970, kí ó tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1971. Ẹ̀sùn ló fi ṣí i: ó ka iṣẹ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ tó ń pa ènìyàn lára jù lọ. Ó bèèrè ìdí tí àwọn oníṣọ̀nà fi ń ṣe ohun ìṣeré fún olówó nígbà tí púpọ̀ nínú aráyé kò ní ohun kòṣeémánìí. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, George Seeger, fi agolo ṣe rédíò kan fún ibi tí kò sí iná mànàmáná. Ìda àti òwú ló ń jó nínú agolo náà, ooru rẹ̀ ló sì ń mú agbára wá; bí ìda bá tán, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ lè rọ́pò rẹ̀. Nǹkan bí sẹ́ǹtì 9 ni Papanek ní yóò náni. Ó ròyìn pé nígbà tí òun fi àwòrán rẹ̀ hàn ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Ulm ní Jámánì, ọ̀pọ̀ dìde jáde nítorí pé ó burẹ́wà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ má kùn ún ni, nítorí pé kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó lè yan ẹwà fún ẹlòmíràn. Ní Indonesia, àwọn tó gbà á fi aṣọ, bébà àti ìkarahun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Bí a bá fi ìwà lẹwà wọn àwọn mẹ́ta yìí, yóò rọrùn láti dá Loewy lẹ́bi kí a sì gbé adé fún Papanek. Èmi kò ní yára bẹ́ẹ̀. Èèpo tí Loewy fi bo ẹ̀rọ Gestetner gba ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìkọ̀sẹ̀. Ẹwà tó gbani lọ́wọ́ ewu ti di ìwà. Ní ti Papanek, Gui Bonsiepe, tó ti kọ́ni ní Ulm kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Chile, bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rí ojú àmúnisìn nínú rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n gba àwọn olùlò láàyè láti ṣe agolo lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ti pinnu fún wọn pé rédíò agolo ni wọ́n nílò.

Nínú àṣà wa, ẹnìkan kì í jẹ́rìí ìwà ara rẹ̀. Àwọn tó ń bá a gbé ló ń jẹ́rìí. Nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó ṣe ohun èlò ló ń sọ̀rọ̀: ọ̀kan ń polówó, ọ̀kan ń wọn apá, ọ̀kan ń gbèjà aláìní. Akọ̀wé tó fi gbogbo ọjọ́ yí ọwọ́ ẹ̀rọ Gestetner kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó dáná sínú agolo kí ó tó lè gbọ́ ìròyìn. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ gbádùn àwòrán rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọpọlọ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọwọ́ tí wọn kò yà sínú rẹ̀. Ọwọ́ náà ló mọ̀ bóyá ohun èlò náà níwà.