Alumanáàkì Wa ti Ọdún 2009, àti Àwọn Tó Ṣáájú Rẹ̀

Olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ìtàn, ó ní ṣebí iṣẹ́ oníròyìn ni mo kọ́ ní pólì. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wa ni mo ti fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo wọ ilé kan lẹ́yìn Ẹnu Ọ̀wá, n'Ísàlẹ̀ Èkó, mo rí nǹkan kan lára ògiri, ni mo bá yí ọkàn padà.

Kí ni mo rí? Alumanáàkì wa ni, èyí tí a dáwó ṣe nígbà tí a jáde ní 2008, tí a fi ta àwọn tíṣà lọ́rẹ fún ọdún 2009. Ilé ọ̀rẹ́ wa kan tó ti ṣaláìsí ni. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì mọ ẹni tí mò ń wí. N kò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Màmá rẹ̀ ló gbé e kọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí gan-an, omi òrùlé sì ti kán sí i lápá òsì. Màmá ní, "Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní níbi tó ti wọ yunifọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹ ò lè bá mi wá òmíràn?" Mo ní a ó wá a. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má rò pé àṣà àná ni kàlẹ́ńdà ṣíṣe l'Ékòó. Bí a bá ń wá bàbá rẹ̀, J. A. Otunba Payne ni kí a kọ́kọ́ kí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni nípa ìran, ṣùgbọ́n Kissy ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1839. Ó wá sí Èkó, ó wọṣẹ́ kóòtù, ó sì gòkè títí ó fi di ríjísírà ilé-ẹjọ́ gíga. Láti 1874 ló ti ń gbé ìwé kan jáde tó pè ní Payne's Lagos and West African Almanack and Diary. Ìwé tí à ń ṣí ni o, kì í ṣe èyí tí à ń gbé kọ́. Ọjọ́ àti oṣù wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ìlú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ló kan akọ̀wé kóòtù nínú kàlẹ́ńdà? Ẹ rò ó wò. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá délé ẹjọ́ nígbà náà, tí wọ́n bi bàbá kan ní ọdún tí wọ́n fún un nílẹ̀, ohun tí yóò sọ ni pé ọdún tí àwọn òyìnbó yìnbọn lu Èkó ni. 1851 nìyẹn. Adájọ́ tí kò mọ ìtàn ìlú, báwo ni yóò ṣe kà á? Ní 1893 Payne tẹ tábìlì àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì nínú ìtàn Yorùbá jáde, ó sì sọ ọ́ gbangba lójú ìwé pé ìlò kóòtù ni òun tìtorí rẹ̀ ṣe é jù lọ. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn: ó so ìrántí ẹnu mọ́ ọjọ́ orí ìwé.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún nílùú ṣáájú àkókò yẹn. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, ti gbé ìwé ìròyìn Anglo-African jáde l'Ékòó ní 1863. Nígbà tó fi máa di ọdún 1920 sókè, Èkó Àkéte ti Dẹ́nígà dé, Ẹlẹ́tì Ọfẹ ti Akintan tẹ̀ lé e, Akéde Èkó ti I. B. Thomas náà sì dé. Ìwé ìròyìn nìkan kò lè bọ́ ẹ̀rọ. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà ni oúnjẹ ilé ìtẹ̀wé kékeré títí dòní.

Ti fọ́tò ńkọ́? Neils Walwin Holm, ọmọ Gold Coast, ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ l'Ékòó ní 1896. Àwọn olówó ló ń ya fọ́tò nígbà náà o, kì í ṣe ìyá ẹlẹ́ja. Ó pẹ́ kí fọ́tò tó délé gbogbo ayé. Pásípọ́ọ̀tù kékeré, èyí tí iṣẹ́ ìjọba àti ilé-ìwé ń béèrè lọ́wọ́ wa, ló jẹ́ kí mẹ̀kúnnù ní ojú tirẹ̀ lórí páálí. Nígbà tí pásípọ́ọ̀tù pọ̀ nílé, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn alásàláátù àti àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ sórí ìwé kan.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè gàdàgbà. Ààrẹ wà láàárín, ojú rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wa lọ. Akọ̀wé àti akápò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa ọmọ ẹgbẹ́ lásán sì tò nísàlẹ̀ nínú ihò rubutu bí ẹyin adìyẹ. Oṣù méjìlá há sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé àwọn ni àlejò. (Mo ti rí ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ nítorí ẹni tí wọ́n fi sí ìlà kejì.) Páànù tín-ín-rín ni wọ́n fi ń di etí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kó má bàa ká.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Wọn a gé fọ́tò pẹ̀lú réésà, wọn a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọn a ya gbogbo rẹ̀ sórí fíìmù, wọn a fi fíìmù ṣe pléètì. Aláwọ̀ púpọ̀ ń fẹ́ pléètì mẹ́rin: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Ibẹ̀ lowó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí igba ẹ̀dà kò fi wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ púpọ̀, tí aláwọ̀ kan ṣoṣo sì fi dẹrùn fún tálákà. Ẹni tí kò lágbára èyí a ra kàlẹ́ńdà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, tí òkè rẹ̀ ṣófo, wọn a tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ tàbí kó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ fọ́tò ìdílé rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀bùn ọdún tuntun ti parí nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà. Òyìnbó kan, Stephen Sprague, kọ nípa àwọn ayàwòrán Yorùbá ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayàwòrán a ya èyí tó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó. Tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé alumanáàkì lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀pọ̀ fọ́tò ìdílé ló ti sọnù n'Ísàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní 1955, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Súrùlérè, ohun tó wà lára ògiri kọ́ ni ẹni tó ń kẹ́rù kọ́kọ́ ń rántí. Iná àti àgbàrá náà ti ṣe tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ rántí alumanáàkì tiwa? Atẹ̀wé wa gba owó wa, ó fi wá gbá kiri láàárín Ìdúmọ̀tà àti Ṣómólú títí di ọ̀la Kérésì, nígbà tó sì kó o dé, ó ti pàrọ̀ orúkọ méjì. Orúkọ mi wà lábẹ́ ojú ọ̀rẹ́ wa, orúkọ tirẹ̀ wà lábẹ́ tèmi. Ẹ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tó! Àwa méjèèjì náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sún mọ́ ògiri Màmá lọ́jọ́ náà, mo rí i pé wọ́n ti fi bírò fa ìlà sórí orúkọ mi, wọ́n kọ orúkọ ọmọ wọn síbẹ̀. Wọ́n tún tún tèmi ṣe.

Nísinsìnyí kò sí pé à ń fi réésà gé fọ́tò mọ́. Wọ́n ń tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo láti inú kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú, DI ni wọ́n ń pè é, kò sí pléètì, ẹ ó sì mú un lọ lọ́jọ́ náà. Ohun tó kù ni alumanáàkì tó ṣì dára tí a ó fi ya àwòkọ. Tèmi ti sọnù nígbà tí mo kó ilé. Ẹ̀yin tíṣà tí a fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ṣírò rẹ̀: 2009 bá 2026 mu ọjọ́ sí ọjọ́, Ọjọ́bọ̀ ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọdún bí Àjínde àti Iléyá ni yóò yàtọ̀, a ó sì tún orúkọ méjì yẹn ṣe.

Ẹni tó bá rí i, kó mú un wá síbi ìpàdé wa. Ẹ ká a ni o, ẹ má ṣẹ́ ẹ po. Bí páànù etí rẹ̀ bá sì ti dípẹtà, ẹ má yọ ọ́, ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀.