Fundulopanchax gardneri

Fundulopanchax gardneri jẹ́ ẹja kékeré inú omi tí kò níyọ̀. G. A. Boulenger ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1911. Ó ń gbé inú odò kéékèèké àti àbàtà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ó wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Makurdi, ó sì wà lórí òkè pẹrẹsẹ Jos. Akọ ló gba gbogbo ẹwà: ara rẹ̀ ń dán bí aṣọ aró, àmì pupa wínníwínní kún un, etí lẹbẹ rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Abo kò dán bẹ́ẹ̀. Ara ewéko inú omi ló ń yé ẹyin sí.

Ìwakùsà tánganran tó bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún da ẹrẹ̀ sínú odò tí ẹja yìí ń gbé, ó sì yí ipa omi padà. Lóde òní, pàǹtí ìgboro àti ẹ̀rọ tí ń fa omi sóko ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tún ń da ẹja náà láàmú. Torí pé ibùgbé rẹ̀ gbòòrò, odò kan lè pàdánù tirẹ̀ láìsí ẹni tó fura.

Àwọn olùsìn ẹja ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì, wọn kì í sì í da ti Jos pọ̀ mọ́ ti Àkúrẹ́.